Abo ẹlẹ́dẹ̀ kì í dúró nígbà àyẹ̀wò híìtì: ṣé òórùn akọ ni kò tó?

Ọlọ́sìn_Ìpẹru:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn. Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá, ọ̀kan lórí ẹlẹ́dẹ̀, èkejì lórí ewúrẹ́.

Abo ẹlẹ́dẹ̀ 8 ló wà níbí. Akọ 1 wà nínú àhámọ́ tó fara ti tiwọn, irin lásán ló wà láàárín wọn tọ̀sán-tòru. A kì í jẹ́ kó gùn wọ́n torí ó ti wúwo jù. Àtọ̀ inú ìgò la ń rà. Tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ojú ara abo á wú, á pọ́n, omi díẹ̀ á máa jáde, ṣùgbọ́n tí a bá tẹ̀ wọ́n lẹ́yìn láti mọ̀ bóyá wọ́n ti wà lórí híìtì (àsìkò tí abo ń wá akọ, tí á sì dúró jẹ́ẹ́), àwọn kan á sá lọ. Ẹni tó ń ta oògùn ẹran ní ká ra agolo kan tí wọ́n ń fọ́n sí abo nímú, pé òórùn akọ ló wà nínú rẹ̀, pé abo tó bá gbóòórùn rẹ̀ á bọ́ sórí híìtì. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló dé tí akọ tiwa tó wà nílẹ̀ kò fi tó?

Èkejì: ewúrẹ́ ilẹ̀ wa 15 àti òbúkọ 1, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń sùn. Ẹnìkan ní tí a bá mú òbúkọ kúrò fúngbà díẹ̀ ká tó dá a padà, gbogbo wọn á lóyún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ kí ọmọ bọ́ sí àsìkò kan kí n lè kó wọn tà pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣirò sí i, ẹ má kàn ní "á ṣiṣẹ́".

Dókítà_Ẹran:

Ẹ kú ìnáwó oúnjẹ ẹran, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó fẹ́ ta agolo yẹn fún yín ti da ọ̀rọ̀ rú. Abo tó ti bímọ rí, tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó, òórùn inú agolo kò lè fà á wá sórí híìtì. Ohun tí òórùn ń ṣe ni pé abo tó ti wà lórí híìtì tẹ́lẹ̀ á fi hàn yín.

Inú kórópọ̀n akọ ni òórùn ọ̀hún ti ń wá. Androstenone lorúkọ rẹ̀, èkejì rẹ̀ ni androstenol. Ẹ̀jẹ̀ á gbé wọn lọ sí àpò itọ́ tó wà lábẹ́ àgbọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n á wà títí akọ á fi rí abo. Ẹ wo ẹnu akọ nígbà náà: á máa jẹ ẹnu lásán, ìfófò funfun á máa hó jáde létí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, á sì fi pa abo lójú àti nímú. Inú ìfófò yẹn ni iṣẹ́ wà. Akọ tí a ti tẹ̀ lọ́dàá kò ní i. Androstenone yìí kan náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹran akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá máa rùn bí ìtọ̀ nígbà tí ọ̀rá rẹ̀ bá kan iná, ìyẹn lẹ̀ ń rí tí àwọn aláta díndín fi ń sá fún un.

Ọ̀pọ̀ ẹranko ní ẹ̀yà ara tín-ínrín kan ní àjà ẹnu tí wọ́n fi ń tọ́ irú òórùn báyìí wò. Lọ́dún 1997, onímọ̀ kan, Dorries, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dí ọ̀nà ẹ̀yà ara yẹn lára abo ẹlẹ́dẹ̀. Abo ṣì ń dá òórùn akọ mọ̀, ó ṣì ń dúró. Imú gan-an ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fọ́n ọn sínú oúnjẹ tàbí sí ẹ̀yìn abo ti fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò. Ká tẹ abo tó wà lórí híìtì lẹ́yìn láìsí akọ nítòsí, nǹkan bí ìdajì ló máa dúró, ó lè lé díẹ̀. Ẹ fi òórùn kún un, iye náà á gòkè. Ẹ fi akọ alààyè síwájú rẹ̀, kí imú kan imú, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo wọn. Òórùn nìkan kọ́ ni akọ ń lò: ó ń kùn, ó ń fi imú ti abo níhà.

Ibi tí tiyín ti wọ́ ni àhámọ́. Abo tó ń gbóòórùn akọ kan náà láti àárọ̀ dé alẹ́ kò ní kà á sí mọ́. Yàtọ̀ síyẹn, abo tó wà lórí híìtì tí akọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ dúró gbọin fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́yìn náà ara á rẹ̀ ẹ́, kò sì ní dúró mọ́ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè ti dúró fún akọ láago mẹ́fà àárọ̀. Láago méje tí ẹ dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó sá lọ, ẹ ní kò sí lórí híìtì.

Ẹ gbé akọ lọ síbi tí àwọn abo kò ti ní rí i, tí wọn kò ní máa gbọ́ ohùn rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kò sì ní máa gbé òórùn rẹ̀ wá bá wọn. Kó máa yọjú ní ìgbà méjì lóòjọ́, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú àti ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun tán. Ebi kì í jẹ́ kí abo ronú akọ. Ẹnìkan á fi pákó dá akọ dúró níwájú abo 4 tàbí 5 péré, kó má jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè yẹ gbogbo wọn wò kó tó rẹ̀ wọ́n. Ẹnìkejì á wà lẹ́yìn: á fi orúnkún ti abo níhà, á fọwọ́ fa awọ ibi tí itan ti pàdé ikùn, á wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn nídìí, á sì jókòó lé e. Èyí tó bá tó á le gbagidi, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, etí á nà sókè. Ẹ má fi etí nìkan ṣe àmì o: irú ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Large White á na etí, ṣùgbọ́n irú Landrace tí etí rẹ̀ ṣubú bo ojú, ìdí etí ló kàn máa gbọ̀n.

Abo tó ti bímọ rí máa ń bọ́ sórí híìtì ní ọjọ́ 4 sí 7 lẹ́yìn jíjá ọmọ, á wà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ 2 sí 3. Ẹyin kì í bọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ó di ìgbà tí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta híìtì bá ti kọjá. Èyí tó bá kọ́kọ́ dúró láàárọ̀, ẹ fún un ní àtọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ tún fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí akọ wà níwájú rẹ̀ nígbà tí ẹ ń fún un, torí òórùn àti ìfarakanra yẹn ló ń mú kí ilé ọmọ máa fún àtọ̀ wọlé. Láìsí akọ, àtọ̀ á máa sun jáde padà. Ìgò àtọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú fíríìjì tó ń mú omi dì: ìwọ̀n ooru 17 (°C) ni ó fẹ́. Láti ọjọ́ 18 sí 24, ẹ tún mú akọ gba iwájú wọn kọjá. Èyí tó bá tún dúró, kò lóyún.

Awẹran_Odògbolú:

Àlàyé Dókítà pé, àmọ́ mo ní nǹkan méjì tí òórùn kò lè tún ṣe.

Àkọ́kọ́, oúnjẹ. Níbi tí gàrí ti pọ̀ tó báyìí, èèpo ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń fún abo tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ó ń kún ikùn, ṣùgbọ́n èròjà tó ń di ẹran ara kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Abo tó fi ọ̀rá ara rẹ̀ ṣe omi ọmú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ti yọ, kò ní bọ́ sórí híìtì lọ́jọ́ 7, kódà kí ẹ da odidi agolo sí i nímú. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ìbàdí: tí ẹ bá kan egungun láìfipá tẹ̀ ẹ́, oúnjẹ ni kí ẹ wá, kì í ṣe òórùn.

Èkejì, ilẹ̀. Kọnkéré tó ń yọ̀ ní àsìkò òjò, abo kò ní dúró lórí rẹ̀ kí ènìyàn jókòó lé e. Ẹ da eérú tàbí lẹ́búlẹ́bú igi gbígbẹ sí ibi àyẹ̀wò.

Ìyálọ́sìn_Ìjẹ̀búIgbó:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ewúrẹ́, torí òórùn kò ṣiṣẹ́ bákan náà nínú àwọn méjèèjì. Òórùn akọ ẹlẹ́dẹ̀ ń mú abo dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti òbúkọ ń wọ ọpọlọ abo lọ, ó sì ń ta ohun tó ń darí ẹyin jí. Abo tí kò ní ẹyin kankan lọ́nà lè bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè rẹ̀ nítorí òórùn nìkan.

Lọ́dún 2014 ni àwọn onímọ̀ ní Japan rí ọ̀kan nínú ohun tó ń ṣe é. Wọ́n dé fìlà tó ń gba òórùn sí òbúkọ lórí, wọ́n dé irú rẹ̀ fún èyí tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, wọ́n fi méjèèjì wéra. Ohun tó wà lórí akọ gidi tí kò sí lórí ọ̀dá ni wọ́n ń pè ní 4-ethyloctanal. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ó ń yí padà di 4-ethyloctanoic acid, òórùn òbúkọ tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Orí àti ọrùn ló ti ń jáde jù. Ìtọ̀ tí òbúkọ ń tọ̀ sí irùngbọ̀n àti iwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tún ń kún un, nítorí náà ẹ má wẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dá a padà sáàárín abo. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ nítorí aládùúgbò.

Òbúkọ náà ní tirẹ̀ tó ń gbọ́. Tó bá fi imú kan ìtọ̀ abo, á gbé orí sókè, á ká ètè òkè sẹ́yìn bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ kò ní eyín òkè níwájú, èrìgì líle ló wà níbẹ̀. Ihò méjì tóóró wà lẹ́yìn èrìgì náà, ibẹ̀ ni ìtọ̀ ń gbà dé ẹ̀yà ara àjà ẹnu tí Dókítà sọ. Tó bá ká ètè tán tó sì kọjá lọ, abo yẹn kò tíì tó. Tó bá padà sí i, tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú gbá a níhà, ẹ kọ nọ́ńbà abo náà sílẹ̀.

Ìlànà rẹ̀ rèé. Ẹ mú òbúkọ kúrò fún ọ̀sẹ̀ 3 ó kéré tán, 4 ló dára jù. Kí abo má rí i, kí wọ́n má gbọ́ igbe rẹ̀, kí wọ́n má gbóòórùn rẹ̀. Ibí yìí ni ó ti ń bàjẹ́ jù nílẹ̀ wa: ẹ lè gbé tiyín lọ sí oko, kí òbúkọ àdúgbò tó ń rìn kiri wá máa fara nu ọgbà yín lálaalẹ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ti já sí òfo, ó sì lè ti gùn wọ́n lọ́wọ́ kan. Ẹ tọ́jú ọgbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Tí òbúkọ bá wọlé, ara abo á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn kó tó di alẹ́. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, ọ̀pọ̀ ẹyin á bọ́, ṣùgbọ́n ẹyin àkọ́kọ́ yẹn kì í sábà di ọmọ. Agbára tó yẹ kó gbé oyún ró tètè ń kú. Nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 6 lẹ́yìn ìyẹn, híìtì kejì á dé, òun ló ń mú oyún. Tí òbúkọ bá wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ẹ máa wo nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 11 fún gígùn. Oyún ewúrẹ́ ilẹ̀ wa kò jìnnà sí ọjọ́ 147, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Èyí tí kò bá mú un nígbà náà á padà lẹ́yìn ọjọ́ 21, ìyẹn ni pé ọmọ tirẹ̀ á bọ́ ní ìparí oṣù Kọkànlá. Ẹ mú òbúkọ kúrò lẹ́yìn ọjọ́ 42, kí ọmọ má baà máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí di oṣù Kejì.

Ẹ má retí gbogbo 15 o. Nílẹ̀ òtútù, àwọn oṣù kan wà tí ewúrẹ́ kì í wá akọ rárá. Níbẹ̀ ni òórùn òbúkọ ń ṣe bẹbẹ. Ewúrẹ́ tiwa ń wá akọ yípo ọdún. Abo tó ti ń wá akọ ní ọjọ́ 21-21 tirẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ dá òórùn lóhùn, títí àyípo tirẹ̀ á fi dé. Àwọn tó sábà ń dáhùn ni èyí tó bímọ tí kò tíì padà sí i, àti èyí tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú rù.

Akọ àjèjì ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí wọ́n ti mọ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ yá òbúkọ ẹlòmíràn, ẹ gba àjẹsára PPR (àrùn tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn) fún un, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kó tó wọlé. Òbúkọ 1 tó ti gbó tó abo 15 dáadáa. Èyí tí ìwo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kò tíì ní òórùn tó.

Ọlọ́sìn_Ìpẹru:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ìyá, ẹ ṣeun, Dókítà. A ti ń wá ibòmíràn fún akọ. Mélòó kan nínú àwọn abo kò tíì bímọ rí, ṣé ìlànà kan náà ni? Ṣé a sì lè fi akísà nu itọ́ akọ dípò agolo?

Awẹran_Odògbolú:

Akísà ń ṣiṣẹ́. Aṣọ òwú mímọ́ ni kí ẹ lò, tí ọṣẹ olóòórùn kò kàn rí. Ẹ nu ìfófò nígbà tó bá ń hó, tí akọ ń wo abo. Èyí tí ẹ nù nígbà tó ń sùn kò ju omi ẹnu lásán lọ. Ẹ gbé e sí imú abo fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, kí ẹ sì lò ó lọ́jọ́ náà. Akọ tiyín nìkan o! Kòkòrò ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ń gbé inú itọ́, a kò sì ní àjẹsára rẹ̀ níbí. Ẹni tó bá rántí bí ibà yìí ṣe pa ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Àró lọ́dún 2020 kò ní gba akísà láti oko ẹlòmíràn.

Tó bá jẹ́ agolo lẹ máa rà, ẹ ka ara rẹ̀. Àwọn ti àtijọ́, androstenone nìkan ló wà nínú wọn. John McGlone, onímọ̀ kan ní yunifásítì Texas Tech ní Amẹ́ríkà, rí i lẹ́yìn náà pé itọ́ akọ ní androstenol àti quinoline pẹ̀lú, àti pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ súnmọ́ akọ gidi ju ẹyọ kan lọ. Òun náà ló rí i pé androstenone ń mú ajá tó ń gbó ṣáá dákẹ́, ẹ lè rí lò fún tàwọn aládùúgbò.

Ti abo tí kò bímọ rí, níbẹ̀ ni mo ti máa fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ Dókítà. Lára wọn, akọ ń mú híìtì àkọ́kọ́ yá. Láti bí ọjọ́ 160 lẹ́yìn ìbí wọn, ẹ jẹ́ kí akọ tó ti lé ní oṣù 10 wọlé tọ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, inú àhámọ́ kan náà, kí ẹ sì dúró tì wọ́n kó má baà gùn. Ọ̀pọ̀ á bọ́ sórí híìtì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Akọ ọmọ oṣù 6 tàbí 7 kò lè ṣe é, òórùn itọ́ rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ má fún wọn ní àtọ̀ ní híìtì àkọ́kọ́. Ìkejì tàbí ìkẹta ni ọmọ ti ń pọ̀. Híìtì tiwọn kì í pẹ́, ọjọ́ 1 sí 2 ni, nítorí náà èyí tó bá dúró láàárọ̀, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.

Ọmọ_Rẹ́mọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo yà kúrò lórí ẹran. Ìdẹ tí wọ́n ń so sínú ike fún kòkòrò àgbàdo, ṣé irú òórùn yìí náà ni? A so 2, ó mú àfòpiná, àgbàdo ṣì ń jẹ́ jíjẹ.

Alágbàdo_Ìkẹ́nnẹ́:

Irú rẹ̀ ni, àmọ́ abo ló ni tibẹ̀. Láàárín àfòpiná, abo ló ń tú òórùn jáde lóru, akọ á sì máa tẹ̀ lé e. Àfòpiná aṣọ ṣẹ́dà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ irú rẹ̀ lọ́dún 1959. Butenandt, onímọ̀ kan ní Jámánì, lo nǹkan bí 500,000 àfòpiná kó tó rí ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ òórùn náà.

Kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, fall armyworm, lẹ ń sọ, Ìkẹ́nnẹ́ níbí sì wà lára ibi tí wọ́n ti tètè rí i ní Áfíríkà. Oṣù Kìíní 2016 ló bẹ́ sílẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, kò pẹ́ tó fi wọ oko ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn àti níbí. Akọ nìkan ni ìdẹ ń mú. Akọ kan ń gun abo púpọ̀, abo tí akọ ti gùn láti oko ẹlòmíràn sì ń fò wọlé wá yé ẹyin. Nítorí náà ìdẹ kò lè gba àgbàdo yín sílẹ̀. Ó ń sọ fún yín pé ó ti dé, kí ẹ lè wọ oko lọ wò. Tí àpá jíjẹ tuntun bá wà lára 20 nínú 100 igi àgbàdo kékeré, ẹ tọ́jú oko. Tí àgbàdo bá ti tóbi díẹ̀, 40.

Ẹ so ike sórí òpó, kó ga tó mítà 1.5, kó sì máa ga sí i bí àgbàdo ṣe ń ga, kó lè fi bí 30 sẹ̀ǹtímítà ju orí rẹ̀ lọ. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí ike, òjò Rẹ́mọ á kún un láìpẹ́. Ẹ pààrọ̀ ìdẹ lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ sì kó àlòkù kúrò lóko; èyí tí ẹ bá jù sílẹ̀ á máa pe akọ sí ibòmíràn. Ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ fi mú un, torí ọwọ́ tó ti mú ìdẹ kòkòrò mìíràn á ba òórùn rẹ̀ jẹ́. Inú fíríìsà ni kí àwọn tó kù wà, nínú àpò tiwọn.

Kí ẹ tó ka iye tó kó, ẹ wò ó dáadáa. Ní Tógò, ìdẹ yìí ń mú àfòpiná mìíràn tí wọ́n ń pè ní Leucania loreyi pẹ̀lú, ẹni tí kò bá mọ̀ á kà á mọ́ ọn. Akọ fall armyworm ní àmì funfun ní ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú, àti àmì róbótó aláwọ̀ koríko gbígbẹ láàárín rẹ̀. Tí ẹ bá sì kan kòkòrò rẹ̀ nínú àgbàdo, ẹ wo iwájú orí rẹ̀, àmì Y tó dorí kodò wà níbẹ̀. Nítòsí ìdí rẹ̀, ẹ ó rí tóótòòtó dúdú 4 tó to ara wọn ní igun mẹ́rin.